Ìfẹ̀yìntì

Fi, ẹ̀yìn, tì: ọ̀rọ̀ yìí ti gbà pé ògiri kan wà tí a ó fẹ̀yìn tì. Ní Nàìjíríà, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ ẹni tí yóò mọ ọ́n. Òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, ọ̀gá ń fi ìdá 10 kún un, ó kéré tán. A kì í sì í gba owó orí lórí ìdá 8 yẹn. Owó òṣìṣẹ́ ni, ìjọba ò ta á lọ́rẹ. Àwọn kan á ní ọ̀wọ́n ọjà á jẹ ẹ́ tán. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ owó ìfẹ̀yìntì ń lérè; owó tó wà lọ́wọ́ alájọ kì í lérè rárá, alájọ á tún yọ owó ọjọ́ kan lóṣù. Ẹ yẹ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín wò, bóyá ọ̀gá ń san tirẹ̀.