NÍ TI ÀWỌN ẸGBẸ́ TÍ Ń WÁ OHUN ÀTIJỌ́ NÍNÚ ILẸ̀

A kò lè bá ẹgbẹ́ olùfẹ́ ìtàn wí nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí àlàpà àwọn baba wa. Ṣọ́bìrì ọwọ́ wọn ni ó ń bà wá lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí a wo Ifẹ̀. Ní ọdún 1938, ní agbolé Wúnmọníjẹ, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé bá àwọn orí idẹ pàdé. Wọn kò jẹ̀bi, ilé ni wọ́n ń kọ́. Ṣùgbọ́n bí ohun kọ̀ọ̀kan ti wà nínú erùpẹ̀ kò ní àkọsílẹ̀ tí ó péye. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1939.

Ní 1957, ní Ìta Yemòó, dígà àwọn òṣìṣẹ́ tún kọ lu ère idẹ. Nígbà yìí ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ dé. Frank Willett sì fi ọdún púpọ̀ wa ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èédú inú ilẹ̀ náà, èyí tí ẹlòmíràn ìbá gbá dànù, ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1000 sí 1200.

Láti 1979, Àjọ Mùsíọ́mù ti ìjọba àpapọ̀ ni òfin fi irú iṣẹ́ yìí sí abẹ́ rẹ̀. Láìsí ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ẹgbẹ́ má ṣe walẹ̀. Síbẹ̀, Erédò Súngbọ́ ní Ìjẹ̀bú, tí yíká rẹ̀ tó nǹkan bí 100 máìlì, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó lè ṣọ́ ọ tán. Ẹgbẹ́ ni yóò rìn ín, tí yóò ya àwòrán rẹ̀, tí yóò gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà, tí yóò sì ké gbàjarè nígbà tí katakata bá ń bọ̀.