Alùpùpù Àtijọ́ Inú Ẹ̀yìnkùlé: Láti Ace Cafe ní London dé Ọ̀kadà Ìlú Bìní

Ohùn alẹ́ Sunday. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí data yín kò gbé ohùn.

Ohùn kìíní

  

Ẹ̀gbọ́n wa kan fi àwòrán alùpùpù kan sórí group yìí lọ́jọ́ Thursday. Wọ́n ti bọ́ gbogbo ẹ̀wù ara rẹ̀ kúrò. Kò ní mọ́gáàdì gidi, ìjókòó rẹ̀ kò ju ti ẹnìkan lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá gùn ún á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sórí táńkì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ó ní kí bàbá òun má tíì ta Honda àtijọ́ tó wà nínú ẹ̀yìnkùlé fún àwọn oní-kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, pé irú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ṣe èyí. Ọ̀pọ̀ nínú yín rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan tiẹ̀ bi wá pé ṣé jàǹbá ni alùpùpù náà ṣe ni. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, torí ìtàn ọlọ́jà ni.

Café racer ni wọ́n ń pè é. Café ni ilé tí wọ́n ti ń mu tíì tí wọ́n ti ń jẹ ẹyin díndín, racer sì ni asáré. London ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilé oúnjẹ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà North Circular, Ace Cafe lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1938 ni wọ́n ṣí i fún àwọn awakọ̀ akẹ́rù, ẹ rò ó bíi búkà àwọn onítírélà ní Ọrẹ. Bọ́ǹbù wó o nígbà ogun Hitler, wọ́n tún un kọ́ ní 1949, tọ̀sán tòru ló sì ń ta oúnjẹ. Níbi tí iná ti ń jó títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ẹ mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ á péjọ síbẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ yìí kì í ṣe ọmọ olówó. Ọmọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n, ọmọ mẹ́káníìkì, ọmọ agbódegbà. Lẹ́yìn ogun wọ́n ń rí owó ọ̀sẹ̀ wọn gbà, àmọ́ owó náà kò ká alùpùpù ìdíje. Wọ́n á ra àlòkù, wọ́n á sì yọ ohunkóhun tí kò bá mú un sáré kúrò lára rẹ̀. Wọ́n á fi ọwọ́ kékeré rọ́pò ọwọ́ ńlá, kí afẹ́fẹ́ má baà máa ti àyà wọn sẹ́yìn. Wọ́n á sún ibi ìtẹ́sẹ̀ sẹ́yìn kí ara lè tẹ̀ bọ̀ síwájú. Wọ́n á gé ìjókòó kúrú. Ibi tí gbogbo wọn ń lé ni ọgọ́rùn-ún máìlì láàárín wákàtí kan, bíi kìlómítà 160. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹni tó bá ní òun gbójú á sọ owó sínú ẹ̀rọ tó ń kọrin, á fò jáde, á sáré dé oríta kan, á sì padà wọlé kí rẹ́kọ́ọ̀dù náà tó tán. Bóyá gbogbo wọn ló ṣe é àbí àwọn díẹ̀, èmi ò sí ńbẹ̀. Èyí tí kò sí àní-àní nínú rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn kú sójú ọ̀nà, tí ìwé ìròyìn sì ń bú wọn bí wọ́n ṣe máa ń bú ọlọ́kadà níbí.

Ibi tó dùn mọ́ èmi nínú rẹ̀ nìyí. Ilé iṣẹ́ kan ní Birmingham, Norton, gbé férémù kan jáde ní 1950. Férémù ni egungun tí gbogbo ẹ̀yà tó kù so mọ́. Ọmọ Belfast kan, Rex McCandless, ló ronú rẹ̀. Ó dúró ṣinṣin nínú kọ́ọ̀nà débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Featherbed, bẹ́ẹ̀dì oníyẹ̀ẹ́. Ní àkókò kan náà, àwọn kan ń fi mọ́tò kéékèèké onímọ́tò 500cc díje, ẹ́ńjìnnì alùpùpù Norton ni wọ́n sì fẹ́. Norton kò gbà kí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì lásán. Wọ́n á ra odidi alùpùpù, wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n á wá ti egungun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí eegun adìẹ.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ti rí i bí? Egungun tó dára jù lọ ní ìlú Òyìnbó ni wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn. Triumph ní tirẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì tó lágbára tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n férémù rẹ̀ kò tó ti Norton. Àwọn ọmọ náà bá gbé ẹ́ńjìnnì Triumph sínú egungun Norton, wọ́n pè é ní Triton. Títí dòní, òun ni wọ́n kà sí ọba nínú irú alùpùpù wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó kọ́kọ́ ṣe é. Láti inú ohun tó ṣẹ́ kù nínú ọjà ẹlòmíràn ni wọ́n ti bí i.

Ní 1969, Honda gbé CB750 dé, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, èyí tó ń sáré láti inú páálí. Ọdún yẹn náà ni Ace Cafe tì. Nígbà tí wọ́n tún un ṣí ní 2001, àwọn tó ń gbé café racer wá síbẹ̀ ti di bàbá arúgbó, ohun tí tálákà fi ń ṣe eré sì ti di ohun tí olówó ń fi pamọ́ sínú gáréèjì.

Ohùn kejì

Mo gé e torí iná lọ. Ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, alùpùpù kò bẹ̀rẹ̀ bí nǹkan eré. Òyìnbó ìjọba, olùkọ́, wolé-wolé, ẹni tó ń yẹ kòkó wò, àwọn yẹn ló ń gùn ún. Tí ẹ bá gbọ́ ìró rẹ̀ ní abúlé, ẹ ti mọ̀ pé ẹni ńlá ń bọ̀. Owó Udoji ló kọ́kọ́ já ìyẹn. Ìgbìmọ̀ Udoji jábọ̀ ní 1974, ìjọba fi kún owó oṣù, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ papọ̀ ní 1975. Akọ̀wé àti olùkọ́ tí kò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ wọ ilé ìtajà, wọ́n gun Honda, Yamaha tàbí Suzuki jáde. Alùpùpù ọ̀pọ̀ bàbá wa, ibẹ̀ ló ti wá.

Nígbà tó di 1986, SAP dé. Ẹ̀yin àgbà inú group yìí kò nílò kí n sọ ohun tí náírà fojú rí. Mọ́tò tuntun di ohun àwòrán, takisí ń bàjẹ́ láìsí pááàtì, wọ́n sì ń lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ra Honda ní ìgbà Udoji fi ń lọ sí ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn mìíràn sì fi sílẹ̀ fún ọmọ wọn láti máa fi wá owó oúnjẹ.

Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà kárí Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ tí a wà yìí ló ti jáde. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ọ̀nà Èkó wọ Bìní, ẹ máa ń kọjá oríta Ọ̀kadà kí ẹ tó wọ ìlú. Ìlú Olóyè Gabriel Igbinedion nìyẹn, Ẹsama ti Bìní. Ní 1983 ló dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀, Bìní níbí ni ó fi ṣe ibùdó, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè é: Okada Air. Àwọn ará ìlú wo alùpùpù tó ń fò kọjá láàárín mọ́tò tó há sínú gó-síló, wọ́n ní Okada Air tiwa rèé. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà ti kógbá wọlé láti àwọn ọdún 1990, orúkọ rẹ̀ ṣì ń kó èrò. Àwọn ará Hausa ní àchàbà, àwọn ará Kútọnu ní zémìjàn, ṣùgbọ́n ọ̀kadà, ọmọ Ẹdó ni.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nídìí ọ̀kadà ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wò. Ọmọ London gé ìjókòó kúrú, mẹ́káníìkì wa fà á gùn kí èrò méjì lè jókòó. Ọmọ London yọ irin kúrò kí ó fúyẹ́, àwọn wẹ́dà wa jó irin mọ́ ọn: káríà lẹ́yìn fún àpò ìrẹsì, irin sí ìhà méjèèjì kí ẹsẹ̀ má baà kán tó bá ṣubú. Tí ẹrù bá wúwo tí ó sì ní láti gun Ikpoba Hill, wọ́n á pààrọ̀ irin eléyín tó ń fa ṣéènì, wọ́n á fi èyí tí eyín rẹ̀ pọ̀ sí ẹ̀yìn, kí ó lè ní agbára bí kò tilẹ̀ ní sáré mọ́. Ọmọ London, ìdàkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń ṣe sí irin kan náà. Ọgbọ́n kan náà ni, ohun tí kálukú ń wá ni kò dọ́gba. Wọ́n kọ ìwé nípa tiwọn, tiwa kò rí ẹni kọ ọ́. Mo rò pé ìyẹn kò dáa.

Ẹni tó bá sì ti rìn ní Igun Street níbí kò ní yà á lẹ́nu. Ẹ̀gbà idẹ tí àwọn Potogí fi ń ra ọjà láyé ọjọ́un, àwọn alágbẹ̀dẹ Igun yọ́ ọ, wọ́n fi dà orí ọba àti àkùkọ tó wà ní ilé àkójọ ohun àtijọ́ London lónìí.

Ní July 2013, ìjọba Gómìnà Adams Oshiomhole fòfin de ọ̀kadà nínú ìgboro Bìní, wọ́n ní nítorí olè àti jàǹbá ni. Àwọn tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi kọ́kọ́ jẹun nígbà tí wọ́n dé ìlú yìí pọ̀, ẹ mọ ara yín. Àwọn kan gba kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kan gbé alùpùpù wọn lọ sí abúlé. Àwọn mìíràn tì í sẹ́yìn ilé, wọ́n da tapólì bò ó. Ibẹ̀ ló wà di ìsinsìnyí, pẹ̀lú àwọn tó ti dàgbà jù ú lọ, tí òjò ń pa á.

Ohùn kẹta, kí n fi dáhùn ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní CG125 ni ti bàbá yín. Ẹ jẹ́ n sọ irú alùpùpù tó jẹ́. Ní 1976 ni Honda gbé e jáde. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n ti rí i pé ní àwọn ìlú bíi tiwa, ènìyàn mẹ́ta ń gun alùpùpù ènìyàn méjì, wọn kì í sì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì Honda tó wà nígbà náà ní irin tó ń ṣí fáàfù lókè pátápátá, ibẹ̀ ni ọ́ìlì burúkú sì ti kọ́kọ́ ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n bá gbé irin náà wálẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá méjì tì í láti ìsàlẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Wọ́n tún fi páànù bo ṣéènì kí iyẹ̀pẹ̀ má baà wọ̀ ọ́. Kò sáré, ṣùgbọ́n ó ń fara da ìyà. Àwọn ará Ṣáínà da ẹ́ńjìnnì yìí kọ títí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí pááàtì rẹ̀ ní Uwelu tàbí Evbareke títí dòní láìwá a dé Nnewi. Egungun tó ní pááàtì lọ́jà kì í ṣe kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, ẹ má jẹ́ kí oní-ọmọlanke fi kílò wọ̀n ọ́n fún yín.

Ọmọ yín lè ṣe café racer lára rẹ̀. Àmọ́ kí ó mọ̀ pé CG125 kò lè dé kìlómítà 160 láéláé, ìrísí ló máa rí, kò ní rí eré. Ọwọ́ rírẹlẹ̀ yẹn, ọ̀nà dídán London ni wọ́n ṣe é fún. Ní Upper Sakponba lásìkò òjò, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á sọ fún un. Kí ó kọ́kọ́ ṣe ohun tí ó lè dá padà: kí ó tú ìjókòó gígùn, káríà àti mọ́gáàdì, kí ó kó wọn sínú àpò, kí ó fi pamọ́. Kí wọ́n fọ kábúrétọ̀, kí wọ́n yọ ìpata inú táńkì, kí wọ́n pààrọ̀ wáyà tí eku ti jẹ, kí bíréèkì mú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ọ̀dà. Gígé ìrù férémù ló gbẹ̀yìn, torí ẹ ò lè dá ìyẹn padà. Kí wẹ́dà kankan má sì gbé iná sún mọ́ ọrùn alùpùpù, níbi tí ọwọ́ ti ń yí. Tí ibẹ̀ bá já lórí eré, ẹ ò ní rí ẹni bi léèrè.

Ara ọrùn náà ni nọ́ńbà wà. Ẹ fi ẹran iná fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ kà á, kí ẹ fi wé ìwé tí bàbá fi sílẹ̀, kí ẹ wo ti ẹ́ńjìnnì náà. Tí wọn kò bá bá ara wọn mu, ọlọ́pàá tó bá dá a dúró kò ní gbọ́ ìtàn Ace Cafe.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, òun ló sì wúwo jù. Ta ló ni alùpùpù náà? Àwọn onílẹ̀ wa níbí, àkọ́bí ọkùnrin ló ń jogún Igiogbe, ilé tí bàbá gbé títí tó fi kú. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá mẹ́ta ni bàbá yín fẹ́, yálà ẹ pín in ní ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí, gbogbo ọmọ ló ní ọwọ́ nínú rẹ̀ bí ẹ kò bá tíì pín in. Àǹtí yín tó wà ní Ọ̀yọ́, ẹ̀yìn Honda yẹn ló ń jókòó sí lọ sí ilé ìwé. Ẹ pè é lórí fóònù kí wẹ́dà tó tan iná.