Pápá Gọ́ọ̀fù Tí Ọmọ Ẹgbẹ́ Ń Ṣàkóso: Ìtàn Rẹ̀ Títí Dé Ẹnu Ọ̀nà Èkìtì

Bí a bá dárúkọ gọ́ọ̀fù ní Adó-Èkìtì, pápá méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí àwọn èèyàn lẹ́nu, méjèèjì sì wà lẹ́yìn ààlà ìpínlẹ̀. Ọ̀kan ni Smokin Hills ní Ilárá-Mọ̀kín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́, tí Olóyè Michael Adé-Òjó, olùdásílẹ̀ iléeṣẹ́ Elizade tó ń ta ọkọ̀ Toyota, tẹ́ sí ìlú rẹ̀. Èkejì ni MicCom ní Àdá, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí Ọmọọba Túndé Pọ́nnlé, ẹni tó dá iléeṣẹ́ wáyà iná MicCom sílẹ̀, ṣe mọ́ òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ihò 18 ló wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Pápá tó wuyì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àpò ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti jáde, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni eré yìí ṣe pẹ́ láyé. Ohun tó gbé e ró láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn tó ń gbá a máa ń dáwó, wọ́n á yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ á sì rí sí koríko, sí ìdíje, sí akọ̀wé àti akápò. Ìtàn irú pápá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níbí.

Scotland ló ti bẹ̀rẹ̀. Eré náà gbajúmọ̀ níbẹ̀ débi pé ọba James Kejì fi òfin dè é ní 1457, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi àkókò tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọfà títa gbá bọ́ọ̀lù kiri. Fún igba ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ẹgbẹ́ kankan, kò sì sí ìwé òfin; ẹni tó bá ti ní ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù ń gbá a létí òkun. Ní 1744, ìgbìmọ̀ ìlú Edinburgh fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù onífàdákà sílẹ̀ kí àwọn tó ń gbá a ní Leith máa fi díje. Ìdíje kò sì ṣeé ṣe láìsí òfin, ni wọ́n bá jókòó, wọ́n kọ òfin 13 sílẹ̀. John Rattray, dókítà oníṣẹ́ abẹ, ló gba ọ̀pá náà lọ́dún yẹn. Ní 1754, ọ̀tọ̀kùlú 22 dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní St Andrews. Àwọn ló sì dín ihò tí wọ́n ń gbá láti 22 sí 18 ní 1764. Ìdíje ló bí ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá a lé lórí kì í ṣe tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa St Andrews. Ilẹ̀ etí òkun náà jẹ́ ti gbogbo ìlú, ẹran ń jẹ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn ń sá aṣọ níbẹ̀. Nígbà tó di 1797, gbèsè wọ ìgbìmọ̀ ìlú lọ́rùn, wọ́n bá gbé ilẹ̀ náà fún àwọn oníṣòwò, àwọn yẹn sì kó ehoro sí i láti máa sìn wọ́n tà. Ehoro gbẹ́ ihò káàkiri pápá, kì í sì í ṣe ihò tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀. Ẹgbẹ́ gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ń pa ehoro, àwọn tó ni ehoro ń bá wọn wọ̀yá ìjà. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi fà á. Ní 1821 ni James Cheape, onílẹ̀ kan ládùúgbò tí òun náà fẹ́ràn eré náà, ra ilẹ̀ ọ̀hún, tí gọ́ọ̀fù fi rí ààyè mí. Ní 1894, Ilé Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fi òfin gbé e padà sọ́wọ́ ìlú, ní 1974 òfin mìíràn sì fi í sábẹ́ àwọn alágbàtọ́ tí wọ́n ń pè ní Links Trust, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ìṣàkóso tiwọn. Ẹgbẹ́ R&A tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ St Andrews kọ́ ló ni pápá náà; ìjókòó ni wọ́n fún un láàárín àwọn alágbàtọ́. Lọ́jọ́ Sunday, bí kò bá ti sí ìdíje ńlá, wọ́n á ti pápá Old Course, àwọn ará ìlú á sì máa fa ajá wọn rìn gbẹ̀fẹ́ lórí koríko tí òṣèré òkèèrè ń san owó gọbọi kó tó tẹ̀.

Mo fi àkókò sórí ehoro yìí nítorí pé èmi kò tíì rí ibi tí ìṣòro pápá ìlú ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá mọ òfin eré mọ òfin ìdíje, tí kò sì ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó gbówó dé lè lé e lọ lọ́sàn-án gangan.

Òfin Gọ́ọ̀fù tí R&A àti USGA ti Amẹ́ríkà jọ ń gbé jáde fún ìgbìmọ̀ ní àṣẹ tó pọ̀. Ìgbìmọ̀ ló ń fi ààlà pápá hàn, òun ló ń dá ẹjọ́ nínú ìdíje, òun ló sì lè ṣe òfin abẹ́lé tó bá ilẹ̀ ibẹ̀ mu. Ní Jinja, ní Uganda, létí odò Nile, òfin abẹ́lé tó lókìkí gbà kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sínú ojú ẹsẹ̀ erinmi. Láti 2020 tí ètò hándíkáàpù, ìwọ̀n tó ń fi bí òṣèré ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó hàn, ti di ọ̀kan náà kárí ayé, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tí yóò máa yẹ ìwé àmì wò, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá má baà máa díbọ́n bí ọ̀gbẹ̀rì láti fi gba ife-ẹ̀yẹ.

Ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá dé ni gọ́ọ̀fù ń tẹ̀lé e dé. Ní 1829 ó ti dé Calcutta ní Íńdíà. Ní Nàìjíríà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń wa tánganran ní Jos ló gbé e wọlé. Ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Ikoyi Club 1938 lónìí, European Club ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó. Orúkọ náà ti sọ ẹni tí wọn kò fẹ́ rí lórí àga. Bí o bá rí ọmọ Yorùbá lórí pápá nígbà náà, àpò ọ̀pá ló rù, tàbí àdá ló mú lọ́wọ́.

A kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ yìí tó. Ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun wọ̀nyẹn ń dìbò, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé sílẹ̀, akápò wọn ń jíhìn owó. Àṣẹ kan náà tí ọmọ ẹgbẹ́ fi ń yan kápítéènì ni wọ́n fi ń pinnu ẹni tí yóò wọlé: ọmọ ẹgbẹ́ kan á dárúkọ rẹ, òmíràn á kín in lẹ́yìn, ìgbìmọ̀ á sì jókòó lé ọ lórí. Ní 1943, àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn òyìnbó mélòó kan tí èyí kò tẹ́ lọ́rùn dá Island Club sílẹ̀ ní Èkó, Sir Adéyẹmọ Alákijà sì ni alága àkọ́kọ́. Ní 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà lára, sùn. Ariwo náà pọ̀ débi pé Gómìnà Arthur Richards fi ìwé ránṣẹ́ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin. Lẹ́yìn òmìnira, àga ìgbìmọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn dókítà, lọ́yà, adájọ́, ológun àti ọ̀gá báńkì ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀nà ìdárúkọ àti ìkínlẹ́yìn kò yí padà. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ dòní.

Koríko ni wọn kò rí yanjú bọ̀rọ̀. Gíríìnì, ojú ilẹ̀ pẹlẹbẹ tí ihò wà, ń fẹ́ koríko tó kéré bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, omi sì gbọ́dọ̀ máa kàn án lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò bá ara wọn jà lórí èyí: iyanrìn ni wọ́n pò mọ́ epo, wọ́n tẹ́ ẹ ní róbótó, wọ́n sì pè é ní bráùn. Bí àwọn òṣèré bá ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé tán, ọmọ tó ń ru ọ̀pá á fi pátákó fífẹ̀ fà á kí ó tún tẹ́jú, ojú ẹsẹ̀ á parẹ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á bá a gẹ́gẹ́ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí. Bráùn kò wu ojú. Kò ná ẹgbẹ́ lówó púpọ̀, kò sì mu omi. Lórí irú rẹ̀ ni Nigerian Open, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ti wáyé ní Ìkòyí. Ibẹ̀ ni Sandy Lyle, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Scotland, ti gba ife àkọ́kọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbówó-ṣeré ní 1978, ó sì fi àmì 124 péré gbá ihò 36 àkọ́kọ́. Vijay Singh ará Fiji gbà á ní 1988, kí ayé tó mọ̀ ọ́n.

Ní àwọn ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Nàìjíríà, kápítéènì ni olórí, ọdún kan sì ni sáà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ìgbákejì ń tẹ̀lé e, akọ̀wé ìdíje wà, akọ̀wé hándíkáàpù wà, àwọn obìnrin ní kápítéènì tiwọn. Lóṣooṣù ni wọ́n ń gbá kítì, ìdíje tí oníkálùkù ń dáwó sí, tí ẹni tó borí á sì gba ẹ̀bùn lálẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ń mu. Àwọn kádì, ìyẹn àwọn tó ń ru ọ̀pá, ní ọ̀gá tiwọn, wọ́n sì ń to orúkọ gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ ṣe ń to ọkọ̀ ní gáréèjì. Ọ̀pọ̀ agbówó-ṣeré gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà ló kọ́ eré náà nípa ríru ọ̀pá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí wọ́n sì ń yá ọ̀pá gbá lọ́jọ́ tí pápá bá ṣófo. Nínú gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti ṣe, èyí ni mo kà sí tó wúlò jù fún ìlú, bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ kankan pé kí wọ́n ṣe é.

Sáà ọdún kan náà ní àléébù. Kápítéènì tuntun fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ òun kó tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà á kun ilé ìgbafẹ́, á gbé ìdíje ńlá kalẹ̀, á wá onígbọ̀wọ́. Ọ̀pá omi tó jẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ kì í gbé orúkọ ẹni ga. Láti 1986 tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti já náírà wálẹ̀, ẹ̀rọ agékoríko àti ẹ̀yà rẹ̀ tó ń ti òkèèrè wá ti di ẹrù tó ń wọ akápò lọ́rùn. Ẹgbẹ́ tó ti jẹ́ kí owó ẹ̀rọ wọ inú owó àsè kì í mọ̀ títí oṣù Kẹfà á fi dé, tí koríko á yọ sókè dé orúnkún. Ẹgbẹ́ tó bọ́ nínú èyí ni èyí tó gba olùtọ́jú pápá tó ń gba owó oṣù, tí kì í bá kápítéènì wọlé, tí kì í sì í bá a jáde.

Èkìtì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ bí a ṣe ń pawọ́ pọ̀ ṣe nǹkan. Nínú ogun Kírìjì tó parí sí àdéhùn 1886, àwọn ìlú tí ọba kan ṣoṣo kò pàṣẹ fún para pọ̀ lẹ́yìn ọ̀gágun Ògèdèǹgbé, àwọn ọmọ wọn ní Èkó sì dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ láti máa fi ìbọn ránṣẹ́ sílé. Lóde òní, ọjọ́ ìlú ni wọ́n fi ń dáwó, yálà ní Ìyìn, ní Ìgèdè tàbí ní Ìfàkì. Ní Adó, ọdún Ùdìrókò ni gbogbo ọmọ ìlú ń wálé fún. Èèyàn tó lè jẹ́ ìgbìmọ̀ kò wọ́n wa, pàápàá ní ibi tí ilé ẹ̀kọ́ gíga mẹ́ta ti yí ìlú kan ká.

Ilẹ̀ ni ìjọ̀ngbọ̀n. Láti 1996 tí Adó ti di olú-ìlú, oko tó wà lójú ọ̀nà Ìwòrókò, Ìjàn àti Ìkẹ́rẹ́ ti ń di pulọ́ọ̀tì. Pápá oníhò 9 á gbà tó hékítà 25, ilẹ̀ tí ẹbí kan lè gé sí bí 300 pulọ́ọ̀tì. Òfin Ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ilẹ̀ ní Adó láìbá ẹbí sọ̀rọ̀ á rí ohun tí ojú rẹ̀ ń wá. Ní ti ẹgbẹ́, CAMA, òfin ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ti 1990, àti ti 2020 tó rọ́pò rẹ̀, fàyè gba kí ẹgbẹ́ fi orúkọ àwọn alágbàtọ́ sílẹ̀ ní Àbújá. Lórúkọ àpapọ̀ wọn ni ohun ìní ẹgbẹ́ á wà, bí ọ̀kan bá kú, ohun ìní kò bá a lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Òfin 2020 tún jẹ́ kí wọ́n lè dá alágbàtọ́ tó bá hùwà ìbàjẹ́ dúró nílé ẹjọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò rẹ̀ ní Adó àti agbègbè rẹ̀, ihò 9 ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, bráùn náà sì ti tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ti ẹbí tó ni ilẹ̀ pẹ̀lú lọ́yà yín, kí ìwé ilẹ̀ wà lórúkọ àwọn alágbàtọ́ ẹgbẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú òfin yín pé ọmọ ìlú tí kò lówó àti ọmọ tó ń ru ọ̀pá ní ọjọ́ tiwọn lórí pápá náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.