Lílo Àtẹ Ìṣirò Láti Pèsè Ìdánrawò fún Ètò Kọ̀ǹpútà Olùkọ́ni

Ètò kọ̀ǹpútà olùkọ́ni ni ètò tí ó ń gbé ìdánrawò síwájú akẹ́kọ̀ọ́, tí ó ń yẹ ìgbésẹ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń tọ́ ọ sọ́nà bí ó bá ṣì í. Ìdánrawò púpọ̀ ni irú ètò bẹ́ẹ̀ nílò, kíkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sì máa ń gba àkókò. Ọ̀nà kan tí a fi ń dín iṣẹ́ náà kù ni lílo àtẹ ìṣirò, irú èyí tí ó wà nínú Excel, níbi tí a ti to àwọn àpótí sí ìbú àti òòró.

Àpẹẹrẹ kan ni CTAT, àkójọ irinṣẹ́ tí Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe fún àwọn tí ń ṣẹ̀dá irú ètò yìí. Olùṣètò yóò kọ́kọ́ ṣe odidi ìdánrawò kan: ìbéèrè, ìdáhùn àti ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà. Lẹ́yìn náà, yóò yọ àwọn ohun tí ó lè yí padà kúrò, yóò sì fi àmì adípò, bí i %(iye)%, sí ipò wọn. Ìdánrawò náà di àwòṣe. Nínú àtẹ, ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan dúró fún àmì kan, ìlà òòró kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ìdánrawò kan. Bí a bá pa àtẹ àti àwòṣe pọ̀, ìlà òòró 30 yóò di ìdánrawò 30.

Fọ́múlà inú àtẹ tún lè pèsè ìdáhùn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Kí a mú òǹkà Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ. Láti 21 dé 24, a ń fi kún ogún: mọ́kànlélógún, méjìlélógún. Láti 26 dé 29, a ń yọ kúrò nínú ọgbọ̀n: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Fọ́múlà tí ó tẹ̀lé ìlànà yìí yóò pe 35 ní márùndínlógójì, èyí sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n yóò pe 25 ní márùndínlọ́gbọ̀n dípò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, yóò pe 15 ní márùndínlógún dípò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò sì pe 11 ní mọ́kànlélẹ́wàá dípò mọ́kànlá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dáhùn dáadáa ni ètò náà yóò wá sọ fún pé ó kùnà.

Bákan náà, àṣìṣe kan ṣoṣo nínú àwòṣe yóò hàn nínú gbogbo ìdánrawò tí a bá mú jáde láti inú rẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ ni a fi ń kọ àwọn iye tí kò tẹ̀lé ìlànà sínú àpótí wọn, ẹni tí ó gbọ́ èdè sì gbọ́dọ̀ ka ìlà òòró kọ̀ọ̀kan kí a tó pa àtẹ pọ̀ mọ́ àwòṣe.