Èrè Tó Wà Nínú Ìrìn Àwọn Ìyá Wa

Àwa tí a ń gbé Barking àti Dagenham mọ pápá eré ìje tó wà ní Mayesbrook Park dáadáa. Jim Peters ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹni tó kọ́kọ́ sáré máráthọ́ọ̀nù tí kò tó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20, lọ́dún 1953. Lọ́dún 1954 ní Vancouver, ó ti fi gbogbo àwọn tó kù sílẹ̀ sẹ́yìn réré kí oòrùn tó mú un. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Kò parí eré náà. Lójú àwa oníṣirò owó, ó ná ju ohun tó wà lápò lọ.

Ìrìn ní ìṣirò tirẹ̀. Lọ́dún 1836, Wilhelm àti Eduard Weber, ọmọ ìyá kan náà ní Jámánì, kọ ìwé lórí bí ènìyàn ṣe ń rìn. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tó ń fì wé irin tó ń fì nínú agogo ara ògiri. Lẹ́yìn náà ni Giovanni Cavagna ará Ítálì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé gbogbo ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: ara ń gòkè lórí ẹsẹ̀ tó tẹlẹ̀, ó ń sọ̀ síwájú, ìsọ̀kalẹ̀ sì ń dá púpọ̀ padà nínú agbára tí ìgòkè gbà.

Lọ́dún 1986, Maloiy, onímọ̀ ọmọ Kẹ́ńyà, pẹ̀lú Cavagna àti àwọn mìíràn, wọn ọ́síjìn tí àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ń lò bí wọ́n bá ru ẹrù. Ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara wọn kò fi nǹkan kan kún ìnáwó agbára wọn! Lọ́dún 1995 ni àlàyé rẹ̀ jáde: bí wọ́n bá ru ẹrù, ohun tí ìsọ̀kalẹ̀ ń dá padà fún wọn ń pọ̀ sí i.

Inú wa dùn sí i, nítorí òṣùká ìyá wa máa ń tì wá lójú nígbà tí a wà ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2010, ìwádìí lórí àwọn obìnrin Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jẹ èrè yìí. Ti ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí a kọ ọ̀fẹ́ sínú ìwé ìṣirò wa. Owó ilé-ìwé tó gbé wa dé òkè òkun, orí àti ọrùn ló rù ú. Bí ẹ bá pe ilé lọ́jọ́ Àìkú, ẹ bi Màmá léèrè bí ọrùn ṣe ń ṣe wọ́n.