Ọjọ́ Ajé kan ní iwájú Gorée

Láti èbúté Gorée dé orí òkè Castel, ẹni tó rìn jẹ́jẹ́ kò ní lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kò sí mọ́tò ní erékùṣù náà. Igi osè wà lọ́nà, àwọn ayàwòrán pàtẹ iṣẹ́ wọn. Lókè pátápátá, létí bèbè òkúta dúdú, ìbọn ńlá ẹlẹ́nu méjì ló wà níbẹ̀, tó ti dípẹtà. Ẹnu kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 240. Ọmọ Bantè tàbí ọmọ Savalou tó bá débẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn án. Dakar, tó ń wo Gorée lójú kòró, ni àwọn Faransé ti ń pàṣẹ fún gbogbo Dahomey (Benin òde òní, níbi tí Bantè àti Savalou wà) nígbà tí ìbọn yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìdájí ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kẹsàn-án 1940. Kùrukùru bo òkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, de Gaulle, ọ̀gágun Faransé, sì wà pẹ̀lú wọn. Jámánì ti ṣẹ́gun Faransé. Pétain, olórí Faransé, gbà fún wọn, de Gaulle kọ̀. Boisson, gómìnà àgbà ní Dakar, ti Pétain ló ń ṣe.

Aago 6. De Gaulle sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ní kí Dakar wá sọ́dọ̀ òun. Ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké méjì gbéra láti orí Ark Royal, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n balẹ̀ sí pápá òfuurufú Ouakam; àwọn ti Boisson mú àwọn tó wà nínú wọn. Láàárọ̀ náà ni ìránṣẹ́ de Gaulle, d'Argenlieu, àlùfáà Àgùdà tó di jagunjagun, wọ èbúté tòun ti àsíá funfun. Wọ́n yìnbọn lù ú. Ó fi ọgbẹ́ ẹsẹ̀ sá padà.

Nǹkan bí aago 11, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti etíkun, àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì dá a padà. Wọ́n ri Persée, ọkọ̀ abẹ́ omi Faransé. Ọta ba Cumberland ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kúrò lójú ogun. Kùrukùru ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ibi tó ń ta sí dáadáa, ọta sì ń já sáàárín ìlú, lórí ará Dakar tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ìrọ̀lẹ́. Iná jó L'Audacieux, ọkọ̀ ogun Faransé, nǹkan bí ọgọ́rin èèyàn kú sínú rẹ̀. Àwọn ti de Gaulle gbìyànjú láti gúnlẹ̀ sí Rufisque, nítòsí Dakar. Ìbọn lé wọn padà. Ní ti àwọn sójà dúdú tó wà níbẹ̀, tí Faransé ń pè ní tirailleurs, Dahomey wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó wọn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè, Pétain ni àbí de Gaulle. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọjọ́ náà nìyẹn.

Òru. Gẹ̀ẹ́sì fi ìkìlọ̀ ìkẹyìn ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Boisson fèsì pé òun ò ní fi Dakar sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, tọ́pídò ba Resolution, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn sì lọ. Títí di oṣù Kọkànlá 1942, àṣẹ Pétain ni wọ́n ń pa ní Savalou àti Bantè.