Igbá Fínfín Ọ̀yọ́

Kí abọ́ tánganran àti ike tó gbòde, igbá la fi ń mu omi, òun náà la fi ń di ẹrù ìyàwó. Ní Ọ̀yọ́ tiwa, igbá kì í wà lásán. Wọ́n á là á, wọ́n á ha inú rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín ẹyẹ, alángbá àti ewé sí i lára. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti gbé awọ kúrò á funfun.

Iṣẹ́ ọnà ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ ń fín ilẹ̀kùn àti òpó ilé. Ìlú náà tú láàárín ọdún 1830 sí 1840, Aláàfin Àtìbà sì tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọ̀jà. Ìlú tú, ọnà ò tú.

Ike ni ì bá pa á, nítorí ike kì í tètè fọ́, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n àlejò tó ra igbá fínfín kò bu omi sí i, ara ògiri ló gbé e kọ́. Àwọn onígbá wá ń fín kékeré fún títà. Ọnà ni wọ́n ń díye lé báyìí, kì í ṣe igbá.

Ohun kan ń dùn mí. Igbá Ọ̀yọ́ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. A mọ orúkọ Clapperton tó kàn kọjá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ igbá tó wà lókè òkun kò ní orúkọ ẹni tó fín in.